Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tí Kò Ní Mọ́tò

Fóònù Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ dún. Ti Ìyá Oníbọ́tìnnì dún tẹ̀ lé e ní yàrá tó kángun sí tirẹ̀, ti Dérébà Àgbà dún nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, àwọn yòókù sì gbà á káàkiri ilé náà bí ìgbà tí ẹyẹ kan bá ké lórí igi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo ilé ń ka ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Alágbàfọ̀ fi ìka tí ọṣẹ ti họ tẹ fóònù tirẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú.

“Ẹ kú oríire, oníbàárà wa àtàtà. Owó yín tún bímọ lánàá. Ẹ má jí ọmọ tó ń sùn.”

Ó kà á tán, ó tún un kà. Iye tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà fi díẹ̀ ju ti àná lọ, gẹ́gẹ́ bí ti àná ṣe fi díẹ̀ ju ti ìjẹta. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ̀wé sí àwọn ará Ilé Èrè, tó kówó fún, pé òun fẹ́ gba owó òun jáde, pé owó ilé ìwé ọmọ ni. Ó ti fi ẹ̀bẹ̀ kọ ọ́, ó ti fi ìbínú kọ ọ́. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: ọmọ ń sùn.

Ọkọ rẹ̀ jókòó ti tábìlì, ó ń ro tíì. Fáíbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bọ́ńpà mọ́tò tó ti fọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti jẹrà, òun ní í fi aṣọ onígíláàsì àti oje rẹ́síìnì mọ òmíràn, tí yóò fúyẹ́, tí kò sì ní dípẹtà láéláé. Ẹ̀bu gíláàsì kì í tán lára rẹ̀. Bó ti wù kó wẹ̀ tó, bó bá na apá sí oòrùn, apá náà á máa tàn yinrin bí ara ẹja.

“Ṣé wọ́n ti dáhùn?” ó bi ìyàwó rẹ̀.

“Wọ́n ní ó bímọ.”

“Èmi ò béèrè ọmọ lọ́wọ́ wọn. Owó ọmọ tèmi ni mò ń béèrè.”

Ọmọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń di àpótí. Láti ìgbà tí ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ti gbà á ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ á ní, “Nọ́ọ̀sì, wá gún mi lábẹ́rẹ́, ẹ̀yìn ń dùn mí,” gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ òní ni ilé ìwé dá pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kó má wulẹ̀ wá mọ́. Láàárọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó pè é ní Nọ́ọ̀sì.

“Ẹ ò fọwọ́ kan búrẹ́dì yín,” Alágbàfọ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀.

“Ebi ò pa mí.”

“Bẹ́ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú. Ẹ má fi búrẹ́dì bá mi jà.”

“Kí ni mo wí? Ṣé mo sọ̀rọ̀ ni? Kóló wà nínú ilé yìí. Alájọ ń yà lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, à ń fi owó táṣẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́, kò jẹ tiwa gbé rí. Ta ló wá sọ pé kóló yàgàn?”

“Èmi ni mo sọ ọ́. Ta wá ni gbogbo ilé yìí bi léèrè pé ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀yin kọ́ ni? Wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, wọ́n ní, ‘Fáíbà, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi okùn èédú hun ara mọ́tò?’ Kí lẹ sọ fún wọn?”

Fáíbà gbé ife sílẹ̀. Ohun tó sọ nígbà náà, òótọ́ ni. Okùn èédú wà. Àwọn mọ́tò olówó gegere ni wọ́n ń fi í ṣe. Ó fúyẹ́ ju páànù lọ, ó sì le ju irin lọ. Àwọn ará Ilé Èrè ní ilé iṣẹ́ tí yóò máa hun ún làwọn ń kọ́, pé ẹni tó bá kówó sí i, owó rẹ̀ á máa bímọ lójoojúmọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti dé ọ́fíìsì wọn, ó ti rí bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n gbé sórí pẹpẹ níbẹ̀, wọ́n sì ní kó gbé e wò. Ó ní àfi bí ẹni gbé àwo òfìfo. Fáíbà fúnra rẹ̀ kò débẹ̀ rí. Ó kàn ní, “Òótọ́ ni, okùn èédú wà.” Gbólóhùn yẹn tó. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló lọ fọ́ kóló rẹ̀.

“Mo ní ó wà láyé,” Fáíbà sọ wẹ́rẹ́. “Mi ò ní ó wà lọ́wọ́ wọn.”

“Ẹ lọ là á yé Ìyá Oníbọ́tìnnì bẹ́ẹ̀.”

Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí Dérébà Àgbà fi kanlẹ̀kùn. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ọkọ̀ wíwà, ṣùgbọ́n òórọ̀ kì í bá a lórí ibùsùn. Ó máa ń rìn yí àdúgbò ká kí orúnkún rẹ̀ má baà gan. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

“Mo gba iwájú ọ́fíìsì wọn bọ̀,” ó ní. “Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀ṣọ́ ò sí níbẹ̀. Mo kí wọn, mo tún kí wọn. Ohùn kan wá dá mi lóhùn látòkè, ó ní kí n jókòó.”

“Ohùn ta ni, Bàbá?”

“Mi ò rí ẹni tó ni ín.”

Alágbàfọ̀ ti ń wá gèlè rẹ̀.

*

Òkè ilé ìtajà ibùsùn ni ọ́fíìsì náà wà. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ gun àtẹ̀gùn: Fáíbà àti ìyàwó rẹ̀, Dérébà Àgbà, àti Ìyá Oníbọ́tìnnì, opó tó ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú, tó sì ń fẹnu wúre bó ti ń gun òkè.

“Wọ́n á wà níbẹ̀,” ló ń wí. “Ẹni tó bá máa sá, ṣé á máa kí èèyàn láràárọ̀ ni?”

Yàrá ńlá náà tutù. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ife tíì wà lórí tábìlì mẹ́ta, tíì ti dì lójú bí omi tó ti sùn. Jákẹ́ẹ̀tì kan wà lórí àga, èjìká rẹ̀ méjèèjì gún gbọọrọ bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ bọ́ nínú rẹ̀ ni. Ohun tó ba Fáíbà lẹ́rù jù lọ ni pé yàrá náà kún. Àwọn oníbàárà ti dé ṣáájú wọn, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n jókòó lórí àga ní ìlà-ìlà, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. Wọn ò pariwo. Wọn ò bínú. Wọ́n jókòó bí aláìsàn tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun.

Àpótí kékeré kan wà lára ògiri. Ohùn obìnrin ń ti inú rẹ̀ jáde, ohùn dídùn bí oyin.

“Ẹ káàbọ̀ sí Ilé Èrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. À ń bọ̀ wá bá yín.”

Ìyá Oníbọ́tìnnì wá àga kan, ó jókòó.

“Kí lẹ ń ṣe?” Alágbàfọ̀ bi í.

“Wọ́n ní ká jókòó.”

“Ta ló ní ká jókòó?”

Ìyá Oníbọ́tìnnì wo àpótí ara ògiri, ó wo ilẹ̀. Ọkùnrin kan tó wà níwájú yíjú padà, ó fi ìka sẹ́nu pé kí wọ́n rọra. Fáíbà rí i pé gbogbo wọn ló mọ̀ pé àwọn ará Ilé Èrè ti sá lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ni wọ́n ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde, òun ló máa sọ ọ́ di òtítọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó jẹ́ òun. Ohùn náà tún ní, “À ń bọ̀ wá bá yín.” Àwọn kan mi orí, bí ẹni ní ó ṣeun.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà wà lórí pẹpẹ ní igun yàrá, iná kékeré ń tàn sí i láti ìsàlẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán, ara rẹ̀ rí wínníwínní bí ẹní tí wọ́n hun. Fáíbà rìn lọ síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò ó bí oníṣẹ́ ti í wo iṣẹ́ ẹlòmíràn, pẹ̀lú ìlara díẹ̀. Ó fọwọ́ ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé igun apá òsì, ó dúró.

Igun náà yẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ojú ń rí. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Mọ́òdù tó fi ń mọ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti já lulẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láti ọjọ́ náà sì ni gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá ti inú rẹ̀ jáde ti ń yẹ̀ ní igun yẹn, bí àwọn ọmọ tó jọ gba imú ìyá wọn.

Ó fi èékánná họ etí rẹ̀. Ẹní dúdú náà ṣí díẹ̀. Ìwé ni, ìwé alẹ̀mọ́ tí wọ́n ya àwòrán òwú híhun sí.

“Ìyá Nọ́ọ̀sì,” ó pè é jẹ́jẹ́. “Bá mi dì í mú.”

Wọ́n yí i padà. Ikùn rẹ̀ rí págipàgi, oje ti dì síbẹ̀ ní ìṣàn-ìṣàn, fọ́nrán gíláàsì funfun sì hàn nínú rẹ̀ bí irun nínú omi dídì. Láàárín rẹ̀, níbi tí aṣọ onígíláàsì ò ti tó tí oníṣẹ́ ti fi nǹkan mìíràn dí i, àkísà aláwọ̀ ewé kan wà nínú oje náà, ó mọ́ kedere bí ohun tó wà lábẹ́ odò. Ojú ayọ́n ti jó o rí. Àpá jíjó náà ní ṣóńṣó lẹ́nu, bí ọkọ̀ ojú omi kékeré.

Alágbàfọ̀ kò pariwo. Ó gbé ìka lé orí oje dídì náà, níbi tí kò ti lè kan aṣọ.

“Ìró mi nìyí.”

“Dákẹ́.”

“Ìró tí mo jó lọ́jọ́ tí mo sùn lọ nídìí ayọ́n. Mo wá a kárí ilé. Mo bi yín.”

“Mo ní kó o dákẹ́. Aṣọ ṣọ́ọ̀bù ló tán, oje sì ti ń dì. Mi ò ní nǹkan míì tí mo lè fi dí i.”

“Ta lẹ tà á fún?”

“Ọkùnrin kan. Ó ní mọ́tò òun wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun mọ́tò.” Ojú rẹ̀ ti yà kúrò lára ìyàwó rẹ̀. “Kò dúnàá-dúrà. Inú mi dùn pé kò dúnàá-dúrà.”

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí Alágbàfọ̀ gbé sókè lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, tó ní ó fúyẹ́ bí àwo òfìfo, tó tìtorí ẹ̀ gbé owó ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, aṣọ ara rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wo inú kànga tí ó rí ojú ara rẹ̀, tí ojú náà sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Fáíbà gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà lérí. Bó ti gbé e ni àwọn tó jókòó rò pé ó ti gba ìpín tirẹ̀, àfi gbìì! Ẹnì kan gbé àga tó jókòó lé. Ẹnì kan gba jákẹ́ẹ̀tì náà mọ́ra. Àwọn méjì gùn lé tábìlì, wọ́n ń tú ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n ń kó àga kọjá lábẹ́ àpótí ara ògiri, ohùn oyin náà sì ń wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. À ń bọ̀ wá bá yín.”

*

Wọ́n gba ojú ọ̀nà ńlá lọ sílé, oòrùn ń mú. Àwọn tó rí wọn rí bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú kan tó ń rìn lójú pópó, ẹsẹ̀ èèyàn méjì lábẹ́ rẹ̀, kò lórí, kò lójú. Ajá kan gbó o, ó fà sẹ́yìn. Ìyá Oníbọ́tìnnì ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bébà méjì tó rí mú.

“Fáíbà, wàá bá wa tà á ká pín in, àbí? Okùn èédú ni, olówó iyebíye ni.”

Fáíbà tẹsẹ̀ mọ́rìn. Dérébà Àgbà náà wo ẹsẹ̀ Fáíbà, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì rọra fà sẹ́yìn díẹ̀. Àgbà tó bá rí nǹkan tí kò fẹ́ rí, ó mọ bí a ti í sọ pé orúnkún ló ń dun òun.

Nílé, Fáíbà da ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú àgbàlá, ó rántí àkísà tó wà níkùn rẹ̀, ó tún un yí. Alágbàfọ̀ fi aṣọ ibùsùn ẹni ẹlẹ́ni bò ó. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà láìgbóhùn sókè, bí àwọn tó ń gbé ilé ayálégbé ti í jà.

“Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fẹ́nì kankan,” ló ń wí. “Wọ́n á ní ẹ mọ̀ sí i. Wọ́n á ní torí ẹ̀ lẹ ṣe ní okùn èédú wà. Wọ́n á ní ẹ gba owó.”

“Mo gba owó. Mo ta bọ́nẹ́ẹ̀tì ni.”

“Owó ọ̀hún wá dà?”

Fáíbà wò ó títí.

“Ṣé o ò rántí ni? Ìwọ ni mo kó o fún. Òun lo fi kún owó ọmọ tó o gbé lọ fún wọn.”

Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí kò lójú, kò nídìí, ó ń gùn ún bí òtútù. Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ tó dì mọ́ etí ibùsùn, tó ń rẹ́rìn-ín, tí omi ń dà lójú rẹ̀, àti bàbá rẹ̀ tó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ó kàn ní, “Ìrẹsì ti ń jó o,” ó sì padà sídìí iná.

Títí ọ̀sán, àgbàlá kún fún ọ̀rọ̀. Wọ́n bú ìjọba, wọ́n bú ọlọ́pàá, wọ́n bú ẹ̀ṣọ́ ọ́fíìsì tí wọn ò mọ̀ bóyá òun náà ti pàdánù tirẹ̀. Wọn ò bú ara wọn. Ẹnì kan ní ẹni tó bá wá ìwákúwàá á rí ìríkúrìí, gbogbo ojú yí padà sí i, ó sì fi ikọ́ parí ọ̀rọ̀ náà. Fóònù wọn tún dún. “Ẹ kú oríire. Ìbejì ni lónìí.” Ìyá Oníbọ́tìnnì gbé tirẹ̀ sókè kí gbogbo wọ́n rí i.

“Ó ti di ìlọ́po méjì,” ó ní. “Ẹ wò ó. Òkú ò lè máa bímọ.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó jà á níyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yọ́jú wo fóònù tiwọn níkọ̀kọ̀.

*

Nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀ ni ọkùnrin ọlọ́kadà kan yà wọlé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, bàtà rẹ̀ ti jẹ nígìgísẹ̀. Ó bọ́ àkẹtẹ̀ irin orí rẹ̀, ó kí gbogbo wọn dáadáa.

“Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá Fáíbà.”

“Èmi nìyí.”

“Wọ́n ní kí n wá bá yín ṣe àdéhùn iṣẹ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, ó pọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní irú èyí tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́sí gan-an ni, kẹ́ ẹ kùn ún ní dúdú. Wọ́n fi owó ìbẹ̀rẹ̀ rán mi.” Ó fa àpòòwé kan yọ láyà.

“Mọ́tò wo ni wọ́n fẹ́ fi sí?”

Ọkùnrin náà họ orí. “Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò sí mọ́tò níbẹ̀.”

Omi ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ sínú garawa, gbogbo wọn ń gbọ́ ọ. Dérébà Àgbà dìde, ó rọra rìn dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó sì fa aṣọ ibùsùn náà kúrò lára bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ta ló rán ọ?” Ẹnì kan ti di ọrùn ẹ̀wù ọlọ́kadà náà mú.

“Mi ò mọ̀ wọ́n! Fóònù ni wọ́n fi ń pè mí. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ dùn. Wọ́n á ní kí n lọ gba ẹrù níbí, kí n lọ gbé e sọ́hùn-ún. Ibi tí wọ́n bá ní kí n fi owó sí ni mo ń fi sí. Mi ò fojú kàn wọ́n rí.”

“Irọ́ ni! Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ta ní í bá ẹni tí kò lójú ṣiṣẹ́?”

“Èmi náà ni owó mi wà níbẹ̀!” Ó ń fi ọwọ́ kan wá fóònù. “Owó alùpùpù tuntun ni. Ẹ wò ó. Ó bí ìbejì lónìí.”

Igi kan ti dé ọwọ́ ẹnì kan. Igi tí Alágbàfọ̀ fi ń ro aṣọ nínú omi gbígbóná ni. Wọ́n gbá ọkùnrin náà létí, àkẹtẹ̀ irin rẹ̀ yí gbirigbiri lọ sẹ́nu gọ́tà. Alágbàfọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọkọ rẹ̀, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀: rárá, rárá.

Fáíbà ti àwọn méjì kúrò lọ́nà, ó fi ara rẹ̀ sáàárín.

“Bẹ́ẹ bá máa lu èèyàn, èmi ni kẹ́ ẹ lù,” ó ní. “Èmi ni mo ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn. Kì í ṣe okùn èédú. Fáíbà onígíláàsì lásán ni, ti ṣọ́ọ̀bù mi, ìyàwó mi ló sì ni àkísà tó wà níkùn rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mi ò béèrè.”

Ó dúró, ó di ojú. Kò sẹ́ni tó lù ú. Ó la ojú. Wọ́n ń wò ó, ojú wọn ò kún fún ìbínú, ìyẹn ló sì mú kí ara rẹ̀ bù máṣọ. Wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ìlẹ̀kùn tó rò pé wọ́n ti tì.

Ìyá Oníbọ́tìnnì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Bí wọ́n bá tún ń ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì,” ó ní wúyẹ́wúyẹ́, “a jẹ́ pé wọn ò tíì sá.”

“Ìlú míì ni wọ́n ń lọ,” ẹnì kan ní.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí àwọn ará ibòmíì bá wọlé, ṣebí tiwa á jáde? Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tàwọn tó dé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san tàwọn tó wà níwájú. Àwa la wà níwájú.”

Ọ̀rọ̀ náà lọ láti ẹnu dé ẹnu. Ẹni tó di ọlọ́kadà mú tú u sílẹ̀, ó tiẹ̀ bá a gbọn ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n gbé àga wá fún Fáíbà. Ẹnì kan bu omi tútù fún un. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, bí ohun tó ti inú mọ́òdù kan jáde.

“Fáíbà, ṣe é fún wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni, ìwọ ò jalè.”

“Bí oje ò bá tó, àwa á dá owó rẹ̀.”

“Èyí tí àkísà wà níkùn rẹ̀ yẹn, tún un ṣe kó dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

“Nítorí Nọ́ọ̀sì,” Ìyá Oníbọ́tìnnì ní. “Ilé ìwé ò ní kọ̀ ọ́ bó bá fi ọjọ́ mélòó kan pẹ́.”

Fáíbà wo Dérébà Àgbà. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wọn ló mọ òwe yẹn. Bàbá náà hú ikọ́ kékeré kan. Ó wo orúnkún rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó ronú,” ó ní.

Ọlọ́kadà ti gbé àpòòwé náà lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fáíbà wò ó. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró nídìí ìkòkò ìrẹsì, tó di ọmọrí rẹ̀ mú, tí kò dé e, tí kò gbé e sílẹ̀. Ó yíjú padà sí ọlọ́kadà.

“Ìgbà wo,” ó ní, “ni wọ́n fẹ́ gbà á?”

Alágbàfọ̀ gbọ́ ìbéèrè náà. Láti àárọ̀ lòun ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, òun ló ní kóló yàgàn, òun ló sì gbé owó jáde nílé. Ó rin àárín wọn kọjá láìwo ẹnikẹ́ni, ó wọ ṣọ́ọ̀bù.

Dúrọ́ọ̀mù oje wà níbẹ̀, ó kún dé ọrùn. Gbogbo ohun tí wọ́n ní tí kò sí lọ́wọ́ Ilé Èrè, inú dúrọ́ọ̀mù yẹn ló wà. Lókè lórí pákó ni jálá oògùn tí í mú oje dì wà. Ẹ̀kán díẹ̀ ni Fáíbà máa ń kán sínú ọpọ́n, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú ìbomú. Bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, oje á gbóná, á sì dì kó tó dé inú mọ́òdù. Alágbàfọ̀ kò wọ ìbọ̀wọ́. Ìdérí jálá náà le, ó fi eyín ṣí i, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ó fi igi rò ó, bó ti ń ro aṣọ funfun. Oògùn náà ta sí i lọ́wọ́, ó ṣàn dé ìgúnpá, kò dúró.

Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde sí wọn. Lẹ́yìn náà èéfín, funfun, tó ń rá lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó gbéra. Nínú ṣọ́ọ̀bù, dúrọ́ọ̀mù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ó ń han, ó ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń kan eegun ara rẹ̀ mọ́ irin.

“Ìyá Nọ́ọ̀sì!” Fáíbà sáré wọlé. “Kí lo ṣe?”

“Mo parí iṣẹ́ náà.”

Fáíbà gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo àgbàlá rí i pé ó gbé ọwọ́ sókè. Kò tíì lu obìnrin náà rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, àwọn tó wà níta kò sì sọ pé kó má lù ú. Ó rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà náà. Awọ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti funfun, ó ti ń ṣí bí ìwé tó wọ omi, òun náà sì na ọwọ́ síwájú bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Ó gbá a mú ní ìgúnpá, ó fà á jáde nínú èéfín, ó fà á kọjá láàárín gbogbo wọn títí dé ẹnu ẹ̀rọ. Ó gbé garawa, ó da omi rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ má fi epo pa á o,” Nọ́ọ̀sì ti ju ọmọrí sílẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. “Ẹ má fi nǹkan kan pa á. Omi nìkan. Kó máa ṣàn.” Ó di ọrùn ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó yí i sókè síbi ìmọ́lẹ̀. “Màámi, ẹ má ká ìka.”

Ọlọ́kadà mú àpòòwé rẹ̀, ó mú àkẹtẹ̀ irin rẹ̀, ó gbéra lọ láìtan iná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbàlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Wọn ò bú Alágbàfọ̀. Ìyá Oníbọ́tìnnì kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó fa ìró rẹ̀ sápá kan kó má baà kan ti obìnrin tó kúnlẹ̀ nílẹ̀. Ìlẹ̀kùn kan tì, kọ́kọ́rọ́ yí. Òmíràn tì. Dérébà Àgbà ló pẹ́ jù lórí ìdúró. Nígbẹ̀yìn, ó lọ ti tirẹ̀ náà.

Garawa tán. Fáíbà gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, omi ń kán sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò yára. Kò lè dúró dè é. Ó bu omi ìfọṣọ tó mọ́ nínú ọpọ́n ìyàwó rẹ̀, ó ń dà á lé e lọ́wọ́, abọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn.

“Ṣé ó ń dùn ọ́?” ó bi í.

“Ó ń dùn mí,” Alágbàfọ̀ ní.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” Nọ́ọ̀sì ní, “ó túmọ̀ sí pé ara ṣì wà láàyè. Ẹ máa dà á, Bàbá. Ẹ má dúró.”